Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bọ̀dá Àgbẹ̀-Sátidé

Bọ̀dá wa,

Èmi Ìyá Gàrí ni mò ń kọ̀wé yìí sí yín ní Èkó, aládùúgbò oko yín lẹ́yìn Ìtamaga, tí ààlà èmi àti ẹ̀yin kò ju igi ọ̀pẹ kan àti òkìtì ikán kan lọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí àbúrò máa bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ ní gbangba. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín níkọ̀kọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà lẹ sì fi rẹ́rìn-ín, tí ẹ ní, "Ìyá Gàrí, o ti tún dé." Ó dáa. Mo tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kó èrò wá.

Kí n kọ́kọ́ yìn yín ná, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo wá bú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ kì í sì í ṣe ahun. Nígbà tí àwọn tó kù ń fi búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ṣọ́ ilẹ̀ wọn kí ọmọ onílẹ̀ má baà tún un tà, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lẹ̀yin gbìn sí plọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tiyín, ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà kan. Ẹ ń san owó alágbàṣe lójú ẹsẹ̀, ẹ sì ń ra ẹ̀kọ àti àkàrà lé e lórí. Wọ́n fẹ́ràn yín ní gbogbo Ìtamaga. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń roko, ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n ń ro ó.

Ẹ jẹ́ ká jọ ka ọjọ́ èṣí. Sátidé kejì nínú oṣù kẹrin lẹ gbìn. Òjò ti rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ ti rọ̀. Ẹ wọ bàtà òjò tuntun, ẹ dé akẹtẹ̀, ẹ gbé igi ẹ̀gẹ́ lé èjìká bí ìgbà tí ṣọ́jà gbé ìbọn, ẹ ya fọ́tò. Mo rí i lórí WhatsApp, mo pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ wọ jíìpù, ó di gbéré.

Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, àgbàdo ti hù. Koríko tẹ̀lé e. Lọ́sẹ̀ kẹta tó yẹ ká rí yín, ọmọ ọ̀gá yín ń ṣègbéyàwó. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, aṣọ ẹbí ni. Lọ́sẹ̀ keje, ẹ ní òjò ò jẹ́ kí ojú ọ̀nà dáa, èmi sì ń rí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìgbà tí a máa fojú kàn yín, June 12 ni, ọjọ́ tí ìjọba fún gbogbo wa ní ìsinmi ìjọba alágbádá. Alágbàṣe mẹ́fà lẹ kó wá láti Sàbó. Ọ̀kan nínú wọn dúró lẹ́bàá ọ̀pẹ ààlà wa, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n gbìn síbí?"

Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó bi mí kò burú.

Wọ́n roko títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n sì fi ọkọ́ bẹ́ àgbàdo mélòó kan mọ́ koríko nítorí pé wọn ò dá ojú rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, oko mọ́ roro bí ìta ọba. Ẹ tún ya fọ́tò. Gbogbo èèyàn ń kí yín kú iṣẹ́. Èmi ń wo àgbàdo yín ní tèmi. Ìdí rẹ̀ tínrín bí ìka ọmọdé, ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n, ọrùn rẹ̀ gùn bí ẹni tó ń yọjú wo ohun tó ń lọ lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni koríko ti fi jókòó nídìí àwo rẹ̀. Bọ̀dá, àlejò tó ti yó lẹ lé jáde, ẹ wá jókòó, ẹ ń retí kí ọbẹ̀ padà sínú ìkòkò.

Ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn ní LASUSTECH, ilé-ìwé tí ẹnu wa ò tíì kúrò ní pípè é ní Poly láti 2022 tó ti di yunifásítì, òun ló là á yé mi. Ó ní wọ́n dán irú nǹkan báyìí wò ní Mẹ́síkò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1968. Àwọn pápá kan wà tí wọ́n ń ro láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá pa tì: wọ́n tètè pa àwọn kan tì, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pa àwọn mìíràn tì. Àwọn pápá mìíràn wà tí wọ́n jẹ́ kí koríko kọ́kọ́ kún, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó: àwọn kan tètè, àwọn kan pẹ́. Wọ́n wá wọn ìkórè gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé fún àgbàdo, nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣe kókó. Oko tí wọ́n tọ́jú ní ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, bí koríko tilẹ̀ padà wá hù sínú rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Oko tí wọ́n pa tì ní ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, ẹ báà ro ó lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà, ohun tó lọ ti lọ.

Ẹ tún un gbọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yín wà. Kì í ṣe iye ìgbà tí èèyàn roko ló ń sọ bí àgbàdo ṣe máa pọ̀ tó. Ọjọ́ tó ro ó ni.

Níbí, ohun tí àwọn tó ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ń sọ fún wa lórí àgbàdo ni pé ká ro ó lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ká tún un ro láàárín ìkarùn-ún sí ìkẹfà. Ó tán. Tí ewé rẹ̀ bá ti pàdé lókè tó ṣíji bo ilẹ̀, òun náà á máa jà fún ara rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló ń fẹ́ sùúrù, torí ara rẹ̀ ò yá. Igi tí ẹ bá tì bọlẹ̀ lóṣù kẹrin, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa lò kí ewé rẹ̀ tó bo ilẹ̀. Ẹ wá wò ó pé láàárín oṣù kejì sí ìkẹta yẹn ló ń yan èyí tó máa ta nínú gbòǹgbò rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á lásìkò náà, ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká ló máa yàn, kò sì sí àdúrà tàbí ajílẹ̀ tó lè bá a tún un yàn lóṣù kẹjọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún wa pé: ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀sẹ̀ kejìlá. Àwọn olùwádìí IITA ní Ìbàdàn, àwọn FUNAAB ní Abẹ́òkúta, àwọn ti Umudike àti Makurdi kó ara wọn jọ láti 2014 lórí koríko inú ẹ̀gẹ́ nìkan. Àwọn tó kàwé tó báyẹn jókòó ti koríko, ẹ̀yin ní ẹ máa fi ọjọ́ ìsinmi ìjọba ṣẹ́gun rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ yẹn sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní àwọn onímọ̀ kan ní Guelph, ní Kánádà, rí i pé àgbàdo ń mọ̀ pé koríko wà nítòsí òun kí koríko náà tó fara kàn án rárá, kó tó mu omi rẹ̀, kó tó ṣíji bò ó. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó kan ewé koríko tó sì ta padà sí i lára ló fi ń mọ̀. Bó bá ti mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn sókè, gbòǹgbò tó yẹ kó tọ́jú á sì kéré. Ẹ ò rí i? Àgbàdo yín ti rí ọ̀tá lọ́sẹ̀ kejì, ó ti ń sá. Olówó rẹ̀ wà níbi tó ti ń jó.

Ẹ lè ní, "Koríko kékeré lásán." Ẹ fún mi láàyè kí n sọ ohun tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kẹta èṣí, nínú oko tèmi. Mo lóṣòó sí àárín ebè méjì. Koríko kan ló hù síbẹ̀, èyí tó máa ń sun wàrà funfun tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Ewé rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ. Mo fi ìka méjì fà á, ó wá tìdítìdí, gbòǹgbò rẹ̀ ò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ, erùpẹ̀ tó so mọ́ ọn ò kún ṣíbí. Kí oòrùn tó mú, mo ti fi ọkọ́ kékeré ha ìlà mẹ́wàá kọjá, mo ń kọrin, ẹ̀yìn ò dùn mí. Irú koríko yẹn kan náà nínú oko yín lóṣù kẹfà ti ga dé ìbàdí ọkùnrin. Ó ti so, èso rẹ̀ ti bẹ́, ó ti fọ́n irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí alágbàṣe fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó gbé gbòǹgbò àgbàdo dání. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń pa á lówe fún àwọn ọmọ yín pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ló dé tí ẹ ò pa á fún oko?

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ fi ọ̀kadà kó àpò NPK méjì ránṣẹ́, ẹ ní kí ọmọkùnrin kan bá yín fọ́n ọn. Ó fọ́n ọn lóòótọ́, sórí koríko. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, eruwa dúdú mìnìjọ̀, ó ń dán bí ẹni tó para. Mi ò tíì rí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra oúnjẹ fún olè rí, àfi yín.

Ẹ̀gẹ́ wá ńkọ́? Lóṣù kẹta tó kọjá yìí lẹ ní kí n wá rà á. Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ti gba igi tí ẹ gbìn. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, igi kan náà. Ọ̀pẹ kan ló là wá láàárín. A hú u. Ẹ wo nǹkan tó jáde, ẹ mi orí, ẹ ní, "Ilẹ̀ yìí ò dáa. Ó jọ pé wọ́n ti lo agbára rẹ̀ tán." Mo gbé ojú mi kúrò. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, èyí tí mo fi ń rán ọmọ lọ Poly, òun lẹ̀ ń bú lójú mi.

Ẹ ò sí níbi tí a ti bó o, torí náà ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Àwa obìnrin márùn-ún la jókòó yí òkìtì náà ká. Èkíní tí mo mú, ó rí bí ọwọ́ ọmọdé. Mo ti ọ̀bẹ bọ èèpo rẹ̀, ọ̀bẹ kọ́. Mo là á sí méjì. Ẹ̀ka èkan kan, funfun, ó mú bí abẹ́rẹ́, ti gún un wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ibi tó gbà kọjá sì ti dúdú, ó ti ń rà. Ohun tí èkan ń ṣe nìyẹn: abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn. Ẹ̀gẹ́ tó bá sì bá lójú ọ̀nà, ó máa ń gbabẹ̀ kọjá ni. A gé ibi tó rà sọ nù, a gé orí, a gé ìdí, ó ku ohun tí mo lè dì sínú ìkúùkù. Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ta ló ni ẹ̀gẹ́ yìí? Ṣé ó ṣàìsàn ni?" Mo ní ọkọ wa kan ní Èkó ni, ara rẹ̀ le. Ṣé mo parọ́?

Mo jẹ gbèsè lórí gàrí yẹn. Mi ò bèèrè owó mi. Ẹ jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ tí mò ń fi yín ṣe dípò rẹ̀.

Èkan yẹn náà, ẹ̀yin lẹ bí i sí i. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́. Iná a máa jó ewé èkan, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tó wà nínú ilẹ̀. Bí òjò bá ti kàn án, yóò tún yọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó yọ, ẹ ní kí wọ́n fi ọkọ́ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì di èkan tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ fi oògùn bá èkan jà, ìgbà tó bá tutù yọ̀yọ̀, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a tó gbin ohunkóhun, nìgbà rẹ̀. Oògùn tí à ń fín sórí ilẹ̀ kí koríko tó hù, tiẹ̀ tún yàtọ̀: kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí a bá gbìn, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lómi. Lọ́sẹ̀ kẹrin, tí koríko ti ń wo yín lójú, òfò lẹ ń fín. Ẹ dákun, tí ẹ bá tilẹ̀ rí oògùn paraquat tó ṣẹ́kù nínú bọ́ọ̀sì-kọ́tà lẹ́yìn ilé, ẹ má gbé e wá. NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣèèṣì gbé e mu.

Ọ̀rọ̀ èkan yẹn rán mi létí igbó mìíràn. Lóṣù kẹwàá, ẹ bá mi jíyàn lórí igbó tó bo ẹ̀yìn oko yín, èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá takú. Ẹ ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà nílẹ̀ yìí, ewé ìbílẹ̀ ni. Rárá o. Ní nǹkan bí 1937 ni irúgbìn rẹ̀ bá irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó láti Ceylon wọ Nàìjíríà, lápá Enugu. Nígbà tó fi máa gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ìjà òṣèlú 1962 ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ní kí Akíntọ́lá gbé àga Prẹ́míà sílẹ̀, ó ní òun ò lọ. Àwọn àgbẹ̀ wo ewé yìí, wọ́n wo ìròyìn, wọ́n sì mọ orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹ ò ní rí mi kí n dá sí ti òṣèlú. Takú tó ta kú sínú oko yín nìkan ló kàn mí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ṣì kù. Lóṣù kejìlá, ọ̀sẹ̀ kan kí Kérésì tó dé, ẹ tún kó alágbàṣe wá. Ẹ̀gẹ́ ti lé lóṣù mẹ́jọ nígbà yẹn. Ẹ ní kí wọ́n gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́ nítorí pé ìyàwó yín àti àwọn àna ń bọ̀ wá wo oko. Owó tí ẹ san lọ́jọ́ náà ju èyí tí mo fi ro oko tèmi lẹ́ẹ̀mẹta lọ, nítorí koríko tó gbó gbówó lérí ju ọmọdé koríko lọ. Kò sì fi ìṣù kan kún ẹ̀gẹ́ náà. Ẹ roko fún àwọn àna. Mo gbà pé àna ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹ̀ bá ti fi owó yẹn ra ọtí fún wọn.

Kí ẹ má baà ní mò ń ṣe bí ẹni tí kò ṣubú rí: ọdún tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, mo gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ yìí kan náà, n kò fojú kàn án títí di ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Ìyá mi wá láti Ẹ̀pẹ́ wá wẹ ọmọ, ó yọjú sí oko, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn lọ já àgbàdo mẹ́ta, ó sè é, ó gbé e síwájú mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní eyín bí ẹnu ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọjọ́ tí mo gbìn sára ògiri ilé ìdáná mi pẹ̀lú èédú. Ìyá mi yìí kan náà ló kọ́ mi kí n máa gbin bàrà ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́, kó tàn kálẹ̀ kó bo ilẹ̀ kí koríko tó rí ibi yọjú. Ọmọ mi ní àwọn IITA náà dán an wò, wọ́n rí i pé òótọ́ ni. Ìyá mi ò ka ìwé kankan.

Ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní kí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀, mi ò sì ní kí ẹ má lọ òde. Sátidé mẹ́ta péré ni mò ń tọrọ nínú gbogbo ọdún, ẹ sì ti ń san owó méjì nínú wọn tẹ́lẹ̀, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n tètè dé ni. Èyí tí ẹ ń ná lóṣù kẹfà, ẹ ná an ní ìparí oṣù kẹrin. Ti Kérésì, ẹ gbé e wá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ẹ ṣe ìkẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, kí ẹ wá máa sùn títí ẹ̀gẹ́ yóò fi gbó. Tí àwọn àna bá dé lóṣù kejìlá tí wọ́n bá koríko díẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀gẹ́, ẹ mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Màá fún wọn ní gàrí àti ẹja gbígbẹ, wọn ò ní rántí koríko.

Òjò ti ń kù lápá Ìjẹ̀dé láti àná. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wá bàtà òjò yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn, ẹ fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe. Èmi á kọ ọjọ́ náà sára ògiri ní abẹ́ tèmi. Tó bá pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, màá pè yín lágogo mẹ́fà àárọ̀. Ẹ gbé e o. Bí ẹ ò bá gbé e, màá pe ìyàwó yín, ó ti fún mi ní nọ́ḿbà rẹ̀.

Ní ti ẹ̀gẹ́ ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ìdí mẹ́ta ni màá kọ́kọ́ hú wò, màá là wọ́n sí méjì lójú yín. Bí mo bá rí èkan nínú ọ̀kan, ẹ ó gbé e lọ sí Èkó, ẹ ó fi ya fọ́tò.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Ìyá Gàrí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ ààlà, Ìtamaga.